Obìnrin tí orí rẹ̀ pé nínú ilé wèrè ayé Ọbabìnrin Victoria: báwo ni kí n ṣe kọ ìtàn rẹ̀ kí òǹkàwé lè gbà á gbọ́?

Òǹkọ̀wé Àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará inú ẹgbẹ́ wa. Ìwé ìtàn àròsọ kan ni mo ń kọ lọ́wọ́, ìlú London ní ọdún 1862 sì ni ibùdó ìtàn rẹ̀. Olú ẹ̀dá-ìtàn mi jẹ́ ìyàwó oníṣòwò aṣọ kan tó rí já jẹ. Bàbá obìnrin yìí fi ogún sílẹ̀ fún un, ọkọ rẹ̀ ń fẹ́ owó náà, obìnrin kò sì gbà. Ni ọkọ bá pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ dókítà, dókítà kọ̀wé pé orí obìnrin náà ti dàrú, wọ́n sì gbé e lọ sí Colney Hatch, ilé wèrè ńlá tó wà ní àríwá London. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ ògiri, ó sì lo ọdún méjìlá níbẹ̀ kí dókítà ọ̀dọ́ kan tó ṣàkíyèsí pé orí rẹ̀ pé, tó sì tú u sílẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ka orí mẹ́rin àkọ́kọ́ sọ pé ìtàn náà dun òun, ṣùgbọ́n òun kò gbà á gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí mo mọ̀ pé irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ sí àwọn obìnrin ní tòótọ́, n kò sì fẹ́ kí àìmọ̀ tèmi mú kí òǹkàwé rò pé irọ́ ni ìyà tí wọ́n jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa òfin ayé ìgbà náà, nípa ilé wèrè, tàbí nípa kíkọ ìtàn àtijọ́, ẹ jọ̀wọ́, níbo ni ó ti wọ́?

Lọ́yà Ẹ̀kìtì

Láti ìpìlẹ̀ ni ó ti wọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé tún ṣe. Colney Hatch, tí wọ́n ṣí ní 1851, wà fún àwọn tálákà kaúńtì Middlesex, owó orí tí àwọn ará àdúgbò ń san ni wọ́n sì fi ń bọ́ wọn. Ìyàwó oníṣòwò tó rówó kì í dé ibẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó gba tálákà síbẹ̀, dókítà kan ní láti kọ ìwé ẹ̀rí, májísíréètì sì máa ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ. Ti àwọn tó ń san owó ara wọn yàtọ̀. Lábẹ́ òfin 1845, ẹnì kan, tó sábà máa ń jẹ́ ọkọ tàbí mọ̀lẹ́bí, ni yóò fọwọ́ sí ìwé àṣẹ, dókítà méjì yóò sì yẹ ẹni náà wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọjọ́ méje tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n gbà á sílé. Àwọn dókítà méjèèjì kò gbọdọ̀ jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ ara wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ ní ọwọ́ nínú ilé tí wọ́n ń gbé e lọ. Olúkúlùkù gbọ́dọ̀ kọ ohun tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí tó fi gbà pé wèrè ni, kí ó sì kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn sọ fún un sí ọ̀tọ̀.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí adájọ́ kankan nínú ti olówó. Ó di ọdún 1890 kí òfin tó sọ pé àṣẹ gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ adájọ́ wá. Nítorí náà, ní 1862, tálákà ni májísíréètì máa ń wò kí wọ́n tó tì í mọ́lé. Obìnrin olówó lè wọlé láìjẹ́ pé ojú adájọ́ kan kò ó rárá. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ìtàn yín wà, ẹ kò sì tíì lò ó.

Ọ̀rọ̀ ogún náà kò dúró. Ní 1862, owó tí obìnrin bá ní di ti ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ṣègbéyàwó, àyàfi tí bàbá rẹ̀ bá ti fi owó náà sọ́wọ́ àwọn alágbàtọ́ pé kí wọ́n máa pa á mọ́ fún obìnrin náà nìkan. Bí kò bá sí alágbàtọ́, ọkọ ti ní owó náà, kò nílò láti ti ẹnikẹ́ni mọ́lé. Bí alágbàtọ́ bá sì wà, títi obìnrin mọ́lé kò ní kí wọ́n kó owó náà fún ọkọ. Ẹ má sì rò pé ó lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀ kí ó fẹ́ ẹlòmíràn: òfin ìkọ̀sílẹ̀ ti 1857 kò ka wèrè sí ìdí fún ìkọ̀sílẹ̀, kò sì yí padà títí di 1937. Ọkọ inú ìwé yín nílò ìdí mìíràn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds

Lọ́yà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe to àwọn òfin yìí, ẹni tó bá kà á yóò rò pé kò sí ihò nínú ògiri náà. Ihò pọ̀ níbẹ̀. Ẹ ní dókítà kò gbọdọ̀ ní ọwọ́ nínú ilé tí ó ń júwe ènìyàn sí. John Conolly nìyẹn, dókítà tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń bọlá fún, ẹjọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ruck fi hàn ní 1858 pé ó ń gba owó lọ́wọ́ ilé wèrè aládàáni tí ó kọ̀wé kí wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ.

Ní ti ìdí tí ọkọ fi lè ti ìyàwó mọ́lé, Òǹkọ̀wé, ẹ wo Rosina Bulwer Lytton. Ọkọ rẹ̀ jẹ́ gbajúmọ̀ òǹkọ̀wé àti olóṣèlú. Wọ́n ti pínyà láti 1836, wọ́n sì gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ní oṣù Kẹfà 1858, nígbà tí ọkọ yìí fẹ́ wọ ìjọba gẹ́gẹ́ bí mínísítà àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń jẹ gàba lé lórí, Rosina lọ sí Hertford níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń bá àwọn olùdìbò sọ̀rọ̀, obìnrin náà dìde láàárín èrò, ó sì sọ gbogbo ohun tí ọkọ rẹ̀ ṣe sí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ilé aládàáni kan ní Brentford. Kì í ṣe nítorí owó. Ẹnu rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ pa mọ́. Àwọn ará Taunton, ìlú tí ó ń gbé, pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà, àwọn ìwé ìròyìn gbé e, ó sì jáde lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ wo Georgina Weldon pẹ̀lú, ní 1878. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti pínyà, ọkọ ń bọ́ ọ, ó sì fẹ́ dín ìnáwó rẹ̀ kù. Obìnrin náà gbà gbọ́ pé òkú máa ń bá alààyè sọ̀rọ̀, ó sì ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìlóbìí nínú ilé rẹ̀. Àwọn dókítà wá bá a pẹ̀lú orúkọ tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà ni wọ́n bá wá, wọ́n bá a tàkúrọ̀sọ, wọ́n jáde, wọ́n sì kọ ìwé ẹ̀rí pé wèrè ni. Irú nǹkan yẹn ni kí ẹ kọ: obìnrin kan ń da tíì fún àlejò, kò mọ̀ pé ẹjọ́ òun ni wọ́n ń dá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ nílé ìwòsàn àwọn aláàrùn ọpọlọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo sì fẹ́ bẹ Òǹkọ̀wé.

Ẹ yọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ yẹn kúrò. Ní Hanwell, ilé wèrè tí ó jẹ́ ti kaúńtì kan náà pẹ̀lú Colney Hatch, Conolly tí wọ́n dárúkọ lókè yìí kó gbogbo irin àti ìgbànú tí wọ́n fi ń de aláìsàn dànù ní 1839. Dókítà Robert Gardiner Hill ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú nílé wèrè Lincoln. Ní 1862, ohun ìtìjú ni dídè jẹ́ lójú àwọn ọ̀gá ilé wèrè. Ohun tí ẹ lè fi sínú ìwé yín ni àwọn ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, ìlẹ̀kùn tí kò ní ọwọ́ nínú, kọ́kọ́rọ́ tí ń dún ní ìbàdí àwọn olùtọ́jú, yàrá tí wọ́n fi tìmùtìmù bo ògiri rẹ̀, agogo tí ń sọ ìgbà tí ènìyàn yóò jí, ìgbà tí yóò jẹun àti ìgbà tí yóò sùn. Nínú ilé kaúńtì, àwọn obìnrin a máa ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ, ní ilé ìdáná, wọn a sì máa ránṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ lo oògùn amúnisùn, wọn kò tíì ní chloral ní 1862. Lẹ́yìn 1869 ni ó wọlé. Ọ̀rọ̀ opium àti morphine ni ìgbà tiyín.

Ẹ̀bẹ̀ kejì ló ká mi lára jù. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìtàn irú èyí tí òǹkọ̀wé máa ń fi obìnrin kan tí orí rẹ̀ pé sí àárín àwọn obìnrin tí ń hu, tí ń ya aṣọ, tí kò ní orúkọ. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ní orúkọ. Abisínwín ló gbé òmíràn débẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọ̀pọ̀ irú wọn ni ara wọn sì yá láàárín oṣù díẹ̀ tí wọ́n padà sílé. Wárápá ló gbé òmíràn débẹ̀. Òmíràn sin ọmọ, kò sì lè jẹun mọ́. Bí ìwé yín bá ń sunkún fún obìnrin kan ṣoṣo, tí ó sì ń fi àwọn yòókù dẹ́rù ba òǹkàwé, ohun tí ọkọ inú ìtàn ṣe fún ìyàwó rẹ̀ ni ìwé náà ṣe fún wọn.

Arẹwà Ìwé

Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi. Níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé Yorùbá ni ẹ fi ń kọ ìwé náà, ṣé kò ní sàn kí ẹ gbé e wá sí Èkó? A ní ilé wèrè ti Yaba nílé, àwọn òǹkàwé sì mọ ibẹ̀.

Olùkọ́-Fẹ̀yìntì

Ìtàn mìíràn nìyẹn, ọmọ mi. Ọdún 1907 ni wọ́n ṣí ilé wèrè Yaba, lábẹ́ òfin tí ìjọba amúnisìn ṣe ní 1906, Ọbabìnrin Victoria sì ti kú láti 1901. Lójú ìjọba yẹn, àwọn tí ń rìn kiri tí wọ́n ń da ìgboro láàmú ni ilé náà wà fún. Ìyàwó olówó tí ọkọ fi ìwé ẹ̀rí dókítà méjì gbé sílé aládàáni kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn Yaba, kí ó kọ ọ́ lọ́tọ̀, ó tọ́ sí ìwé tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Òǹkọ̀wé dúró sí London. Èdè wa lè ru ẹrù ibẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ fi kún ọ̀rọ̀ Ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé obìnrin nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún, tàbí pé ọkọ nìkan ló ń ṣe é. John Perceval, ọmọ olórí ìjọba tí wọ́n yìnbọn pa ní 1812, ni àwọn ẹbí rẹ̀ tì mọ́lé láti 1831. Nígbà tí ó jáde, òun àti àwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní 1845 tí ń jà fún àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn wèrè kàn, ó sì jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní 1859. Ní 1861 sí 1862 gan-an, ọdún tí ẹ mú, gbogbo London ló ń sọ̀rọ̀ nípa William Windham, ọ̀dọ́kùnrin olówó tí àwọn ẹbí rẹ̀ fẹ́ kí ilé ẹjọ́ pè ní wèrè nítorí ohun ìní rẹ̀. Ẹjọ́ náà gba ọjọ́ 34, àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ sì sọ pé orí rẹ̀ pé. Ó ṣeé ṣe kí ọkọ inú ìwé yín máa ka ìròyìn ẹjọ́ yìí nídìí tábìlì oúnjẹ àárọ̀.

Louisa Nottidge sì nìyí: ó ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí ó fara mọ́ ìjọ ẹlẹ́sìn kan ní Somerset tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò fẹ́. Ní 1846 wọ́n fipá gbé e, wọ́n sì tì í mọ́ Moorcroft House, ilé wèrè aládàáni kan, fún nǹkan bí ọdún kan àbọ̀. Kò ní ọkọ kankan. Ẹbí rẹ̀ ló ṣe é, ó sì pe àwọn tó gbé e lẹ́jọ́ ní 1849, wọ́n dá a láre, wọ́n ní kí wọ́n san 50 pọ́ùn fún un.

Fún àwọn obìnrin tálákà, owó ló ń ti ìlẹ̀kùn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ lọ́nà mìíràn. Láti 1874, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san ṣílè mẹ́rin lọ́sẹ̀ lórí tálákà kọ̀ọ̀kan tó bá wà nílé wèrè, kò sì san irú rẹ̀ lórí àwọn tó wà nílé àwọn aláìní. Ẹ lè ronú nípa ohun tí èyí sọ fún àwọn alábòójútó tí owó ń wọ́n.

Òǹkọ̀wé Àárọ̀

Ẹ ṣeun gidigidi, ẹ̀yin àgbà. Mo ti gbé e kúrò ní Colney Hatch sí ilé aládàáni kékeré kan lẹ́yìn odi London. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ti kúrò. Ìdí ọkọ ti yí padà: obìnrin náà ti mọ ohun kan nípa òwò rẹ̀ tí yóò bà á jẹ́ bí ó bá sọ ọ́ síta. Àmọ́ mo ṣì nílò ìrànlọ́wọ́ lórí bí yóò ṣe jáde. Ṣé dókítà ọ̀dọ́ náà lè tú u sílẹ̀?

Lọ́yà Ẹ̀kìtì

Dókítà ọ̀dọ́ kò ní àṣẹ yẹn. Nílé kaúńtì, ìgbìmọ̀ àwọn májísíréètì tí ń bẹ ilé náà wò ló lè tú ènìyàn sílẹ̀. Nílé aládàáni, ẹni tó fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ló lè ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, ìyẹn ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ọkọ bá kọ̀, àwọn Kọmíṣọ́nnà tí òfin 1845 yàn láti máa bójú tó ọ̀rọ̀ wèrè, tí Lord Shaftesbury jẹ́ alága wọn títí ó fi kú ní 1885, lè tú u sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ilé aládàáni tó bá wà ní agbègbè London, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún ó kéré tán. Nítorí náà, ọdún méjìlá láìsí ẹni tó bèèrè rẹ̀ kò bá ilé tí wọ́n fún ní ìwé àṣẹ láti máa gba aláìsàn mu.

Ọ̀nà kan wà tí ó bá òfin mu tí ó sì dùn fún ìtàn: bí aláìsàn bá sá jáde, ọjọ́ 14 ni wọ́n ní láti mú un padà lórí ìwé àtijọ́. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá, ìwé náà ti kú, wọ́n ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni Weldon lò: wọn kò tíì mú un wọlé rárá, ó sá pamọ́ títí ọjọ́ ìwé ẹ̀rí náà fi pé. Mo sì ní láti fi kún ohun tí Ọmọ Ìjẹ̀ṣà sọ, pé ní 1878 Weldon kò rí ẹjọ́ kankan pè, nítorí aya ọkọ ni. Lẹ́yìn òfin 1882 lórí ohun ìní àwọn aya ni ó tó lè pe ẹjọ́ ní orúkọ ara rẹ̀. 500 pọ́ùn ni wọ́n ní kí dókítà Winslow san fún un, 1,000 pọ́ùn sì ni ti dókítà mìíràn tó wà nínú ọ̀ràn náà, Semple. Obìnrin tiyín ní 1862 kò ní irú ohun ìjà yẹn.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Leeds

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kí ó pẹ́, Òǹkọ̀wé, ẹ má fi í sí ilé tó ní ìwé àṣẹ. Wọ́n máa ń fi àwọn kan pamọ́ sí ilé àdáni, ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú olùtọ́jú kan, òfin sì ní kí wọ́n fi tó àwọn Kọmíṣọ́nnà létí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò sọ. Àwọn Kọmíṣọ́nnà fúnra wọn ráhùn lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọdún púpọ̀ ti lè kọjá.

Mo tún fẹ́ sọ fún Nọ́ọ̀sì Àgbà pé kì í ṣe gbogbo ilé ló tẹ̀ lé Conolly. Àwọn ọ̀gá kan ṣì ń lo ìbọ̀wọ́ líle àti aṣọ tí ń ká apá mọ́ ara. Ilé tí wọ́n sì ti Rosina mọ́ ní Brentford, ti Gardiner Hill kan náà ni, ẹni tó kọ́kọ́ fòpin sí dídè ní Lincoln.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ ṣeun, mo gba ti ìbọ̀wọ́ náà. Ti Hill ló yẹ kí Òǹkọ̀wé dúró lé lórí. Ènìyàn lè tú okùn kúrò lọ́wọ́ àwọn aláìsàn, kí ó sì gba obìnrin tí kò ṣàìsàn sílé nítorí pé ìwé rẹ̀ pé. Ẹ má kọ dókítà náà bí ìkà. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́ tó gba ohun tí ọkọ sọ fún un gbọ́. Ẹ kọ ìwé ẹ̀rí náà sínú ìtàn ní kíkún: pé ó sọ̀rọ̀ kíákíá, pé kò fẹ́ jókòó, pé ó ń tẹnu mọ́ ọn pé ọkọ òun ń ṣe òwò èrú. Òǹkàwé yóò ti mọ̀ pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí ó bá bínú, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ kò balẹ̀. Bí ó bá sì dákẹ́, wọn a kọ ọ́ pé ìbànújẹ́ ti mú un.

Olùkọ́-Fẹ̀yìntì

N kò gbà pé kí gbogbo wọn jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́. Àwọn tó wá sílé Weldon mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi lo orúkọ ara wọn. Ẹ fi irú méjèèjì sínú rẹ̀: ẹnì kan tó gbà gbọ́, ẹnì kan tó gba owó. Òfin ní kí dókítà méjì fọwọ́ sí i ná.

Ìyá Onílé Ìwé

Ẹ má gbára lé ìtàn àròsọ àwọn ẹlòmíràn, Òǹkọ̀wé. Àwọn ìwé àkọsílẹ̀ ilé wèrè ayé ìgbà náà ṣì wà. Ibi ìpamọ́ Wellcome Collection ti gbé ti ọ̀pọ̀ ilé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, títí kan ti Ticehurst ní Sussex, ilé àwọn olówó, ẹ sì lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bethlem, ilé wèrè àtijọ́ ti London, náà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tirẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rí ojú wọn, dókítà Hugh Diamond ya fọ́tò àwọn obìnrin tó wà nílé wèrè kaúńtì Surrey ní àwọn ọdún 1850. Ẹ wò wọ́n dáadáa kí ẹ tó tún orí kejì kọ. Orúkọ gbogbo àwọn tí wọ́n gbà sílé wèrè láti 1846 sì wà ní Kew, ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní London, lábẹ́ àmì MH 94.

Lọ́yà Ẹ̀kìtì

Mo kín Ìyá Onílé Ìwé lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ìwé MH 94 kò ní sọ ìdí fún yín. Orúkọ, ilé tí wọ́n gbé ẹni náà lọ, ọjọ́ tó wọlé àti ọjọ́ tó jáde tàbí tó kú ni ẹ ó rí níbẹ̀. Ìwé ìtọ́jú aláìsàn, níbi tí wọ́n sábà máa ń da ìwé ẹ̀rí dókítà kọ sí, wà ní ibi ìpamọ́ ìwé ti kaúńtì kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n sábà máa ń tì í pa, nítorí náà ti 1862 ti ṣí sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ ilé náà ní Kew, kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí kaúńtì.